Isaac Wauchope Dyobha: Ọkọ̀ Mendi àti Eré Inú Kùrukùru

Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ rí i pé ọmọ Òde-Ìrèlè ni ó gbé gègé láti kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnìkan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ohun tí ẹ óò máa retí ni pé ọmọ Ìkálẹ̀ kan ni n óò kọ nípa rẹ̀, tàbí, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ Ìkálẹ̀, ọmọ Yorùbá kan. Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ Xhosa ni ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n bí i sí, inú omi Ìlú Ọba ni ó kú sí, kò sì gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan rí bóyá àyàfi ní Èkó, níbi tí ọkọ̀ tí ó gbé e lọ sí ikú ti yà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́ délẹ̀, ẹ óò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ọmọ tí ó dàgbà sí ẹ̀bá omi.

Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ wa ń ṣàlàyé bí oríkì ti í mú ọkàn ènìyàn le ní ojú ikú, ó sì fi ọkùnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ: àlùfáà àgbàlagbà kan tí ó dúró lórí ọkọ̀ tí ó ń rì, tí ó ń ki àwọn ọ̀dọ́ tí ó yí i ká, tí àwọn náà sì ń jó ijó ogun lórí pákó ọkọ̀ títí omi fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Gbogbo kíláàsì ni ó mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kí ni ó mú kí ọkọ̀ náà rì? Olùkọ́ wa kò sọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bèèrè. Adùn ìtàn ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu. Èyí ni ó lé mi lọ sí yàrá ìkàwé, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ní ọdún 1852 ni wọ́n bí Isaac Williams Wauchope ní ìtòsí Uitenhage, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Cape. Wauchope ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé òyìnbó. Dyobha ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ó bá sì kọ ewì, I. W. W. Citashe ni ó máa ń fi sí ìdí rẹ̀. Lovedale ni ó ti kàwé, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland dá sílẹ̀. Bí St. Andrew's ti Ọ̀yọ́ ti rí fún àwọn baba wa tí wọ́n ṣe tíṣà àti àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni Lovedale rí fún àwọn Xhosa: ibẹ̀ ni a ti ń rí akọ̀wé, ògbifọ̀, olùkọ́ àti akéwì, ibẹ̀ náà ni ilé ìtẹ̀wé wà.

Ní ọdún 1876, ó wà lára àwọn ọmọ Lovedale mẹ́rin tí wọ́n bá Dókítà James Stewart lọ sí Livingstonia, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Màláwì lónìí, láti lọ wàásù. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lórí odò Ọya kò ní ṣe kàyéfì sí èyí. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ibà máa ń lé padà sílé. Ibà kọ lu Wauchope tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti padà. William Koyi, tí wọ́n jọ lọ, ni ó dúró, ibẹ̀ ni ó sì kú sí.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé àti ògbifọ̀ ní Port Elizabeth. Ìgbà náà gan-an ni ó di ẹni tí a mọ̀. Ogun tí àwọn Xhosa bá òyìnbó jà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún díẹ̀ sí i ni. Wọ́n ti gba ilẹ̀, wọ́n ti kó màlúù lọ, wọ́n sì ń gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣẹ́kù sí lọ́wọ́. Ní ọdún 1882, Wauchope kọ ewì kan sínú ìwé ìròyìn Isigidimi tí àwọn Lovedale ń tẹ̀. Ohun tí ewì náà wí kò ju pé màlúù ti lọ ná, ìbọn kò sì lè gbà á padà mọ́, nítorí náà kí àwọn ọmọ ilẹ̀ ki ọwọ́ bọ bébà àti yíǹkì, kí wọ́n máa fi ìyẹn ja ìjà ẹ̀tọ́ wọn. Títí di òní, kò sí ìwé kan lórí lítíréṣọ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó ka ara rẹ̀ sí tí yóò fo ewì yìí. Ní ọdún kan náà, ó wà lára àwọn tí ó dá Imbumba Yamanyama sílẹ̀ ní Port Elizabeth, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ènìyàn dúdú kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà, ní ọgbọ̀n ọdún kí ẹgbẹ́ tí ó wá di ANC tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1912.

Ó padà sí Lovedale láti kọ́ṣẹ́ àlùfáà, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ìjọ Congregational ní 1892, ní agbègbè Fort Beaufort. Ó jẹ́ ọ̀tá ọtí líle, ó jẹ́ òǹkọ̀wé tí kì í sinmi. Òun ni ó ń kọ àròkọ, ìtàn àti òwe àwọn ènìyàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Isigidimi, àti lẹ́yìn náà sí Imvo Zabantsundu. Àwa tí a ń kọ́ nípa Yorùbá ní yunifásítì mọ rírì irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí àwọn tí ó kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìgbà náà, kí ni à bá máa rí kà?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó máa ń yìn ín ni ó máa ń fo ohun tí ó kàn yìí. Ní ọdún 1910, wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ayédèrú ìwé, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ní Tokai, ní ìtòsí Cape Town. Ọdún 1912 ni ó jáde. Èmi kò fò ó, nítorí mo gbà pé láìmọ ẹ̀wọ̀n yìí, a kò lè mọ ìdí tí bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi bá àwọn ọmọdé wọ ọkọ̀ ogun. Ẹni tí ó ti jẹ́ olórí láwùjọ, tí ó ti jẹ́ àlùfáà, tí orúkọ rẹ̀ sì wá bàjẹ́, yóò wá ibi tí yóò ti tún un ṣe. Èrò tèmi ni èyí. Bí ẹlòmíràn bá ní èrò tí ó sàn jù ú lọ, ojú ewé ìwé wa ṣí sílẹ̀ fún un ní ọdún tí ń bọ̀.

Ní 1916, ogun àgbáyé kìíní ti pé ọdún méjì. Iṣẹ́ pọ̀ ní èbúté ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ kò sì tó. Ìjọba Ìlú Ọba ní kí Gúúsù Áfíríkà rán ènìyàn dúdú wá. Ìjọba Louis Botha gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tí ó bá ti yìnbọn lu òyìnbó ní Yúróòpù lè dé ilé kí ó tún yìn ín. Nítorí náà lébìrà ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ogun ni wọ́n wọ̀: ẹrù ni wọn yóò máa rù, igi ni wọn yóò máa gé, ọ̀nà ni wọn yóò máa là. Wauchope bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbifọ̀, ó sì ń ṣe àlùfáà fún wọn pẹ̀lú. Ẹ rántí ewì 1882. Ọkùnrin tí ó ní kí wọ́n fi ìbọn sílẹ̀ gbé gègé ni ó wá bá àwọn tí a kò fún ní ìbọn lọ sí ojú ogun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa ara wa nìyí. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn, Mendi, kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Glasgow ni wọ́n ti kàn án ní 1905, fún ilé iṣẹ́ Elder Dempster, àwọn kan náà tí ó ni ọkọ̀ Apapa tí àwọn bàbá wa àgbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ lẹ́tà àti èrò ni, ọ̀nà Liverpool sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ni ó ń ná. Orúkọ ẹ̀yà Mende ti Sierra Leone ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 370 ní gígùn, ìwọ̀n rẹ̀ sì ju tọ́ọ̀nù 4,200 lọ. Nígbà tí ogun dé, ìjọba gbà á láti máa fi kó ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà pẹ̀lú wà lára àwọn tí ó kó, nígbà tí wọ́n ń lọ bá àwọn Jámánì jà ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Bí a bá sì wo àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, àwọn tí ń da èédú sínú iná àti àwọn tí ń fa okùn, ọmọ etíkun wa yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní oṣù kìíní 1917, Mendi gbéra ní Cape Town pẹ̀lú àwọn lébìrà tí ó lé ní 800, ó sì yà sí Èkó, níbi tí wọ́n ti de ìbọn ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀ nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Mo máa ń rò ó bí Wauchope ti lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ó máa wo Èkó lọ́ọ̀ọ́kán. Ìlú tí ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń jáde, ìlú tí àwọn tíṣà àti àlùfáà bíi tirẹ̀ ti ń jiyàn lórí gègé àti ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ì bá rí ẹlẹgbẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Láti Èkó, wọ́n gba Plymouth lọ, láti Plymouth ni wọ́n sì ti kọrí sí Le Havre ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ ogún oṣù kejì. Ọkọ̀ ogun kékeré kan tí ń jẹ́ Brisk ni ó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bo òkun, ó sì ń ki sí i títí kò fi sí ẹni tí ó lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí ń tu Mendi ṣe ohun tí òfin wí: wọ́n dín eré kù, wọ́n sì ń fọn fèrè ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kí ẹni tí ó bá wà nítòsí lè gbọ́.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1917, ní gúúsù erékùṣù Wight, ọkọ̀ ńlá kan yọ láti inú kùrukùru. Darro ni orúkọ rẹ̀. Ó tó ìlọ́po méjì àbọ̀ Mendi, ìwọ̀n rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 11,000. Kò fọn fèrè, eré tí ó ń sá kò sì dínkù rárá. Ìhà ọ̀tún Mendi ni ó forí sọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun ń sùn sí nísàlẹ̀. Àwọn kan kú lójú oorun. Ọ̀nà tí àwọn mìíràn ì bá gbà gòkè ti wó. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, Mendi ti rì.

Àwọn tí ó rí ọ̀nà bọ́ sínú omi kò rí ìgbàlà nítorí pé wọ́n wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó. Oṣù kejì ni, omi ilẹ̀ òyìnbó ní àsìkò òtútù kì í ṣe omi Ìlàjẹ. Òtútù ni ó pa ọ̀pọ̀ wọn bí wọ́n ti ń fò lójú omi. Brisk sọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké sínú omi, ó ń wá wọn káàkiri. Darro ńkọ́? Darro tí orí rẹ̀ nìkan bàjẹ́, tí kò rì, dúró nítòsí, kò sì gbé ẹyọ ọkọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ láti ṣèrànwọ́. Àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ó ṣòfò jẹ́ 616, ènìyàn dúdú sì ni 607 nínú wọn. Ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni ó bá wọn lọ. Wauchope wà nínú wọn.

Ó wá kan ìbéèrè mi. Ṣé eré ni ó rì Mendi?

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní ọdún 1917 kan náà. Wọ́n dá Henry Stump, ọ̀gá ọkọ̀ Darro, lẹ́bi pé ó sá eré tí ó léwu nínú kùrukùru líle, pé kò fọn fèrè bí òfin ti wí, àti pé kò ran àwọn tí ó wà nínú omi lọ́wọ́. Ìjìyà rẹ̀? Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìtukọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan. Ọdún kan péré!

Àwọn kan máa ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ogun ni, àti pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún náà ni Jámánì ti kéde pé gbogbo ọkọ̀ tí àwọn bá rí ni àwọn yóò máa rì. Ọkọ̀ tí ó bá ń rọra lọ, tí ó sì ń fọn fèrè, bí ẹran tí a so mọ́lẹ̀ fún ọdẹ ni. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tí ó wà nínú ewu ni ó mọ bí ó ti gbóná tó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ta ko àwáwí náà. Nínú kùrukùru tí ó ki tó bẹ́ẹ̀, awò ọkọ̀ abẹ́ omi pẹ̀lú kò lè rí nǹkan. Ewu tí ó sún mọ́ Darro jùlọ ní òru náà ni ọkọ̀ mìíràn, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ sì pọ̀ sí ju ojú ọ̀nà Ọrẹ lọ́jọ́ tí ọdún bá ku ọ̀la ni ó wà. Mendi náà ń sá fún ọkọ̀ abẹ́ omi kan náà, lójú ogun kan náà, síbẹ̀ ó rọra, ó sì fọn fèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ tì í. Ọkọ̀ òkun tí ó bá ń sá knot 12 yóò lọ nǹkan bíi mítà 370 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kùrukùru bá jẹ́ kí a rí ọgọ́rùn-ún mítà níwájú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógún péré ni ó wà láàárín ìgbà tí a rí nǹkan àti ìgbà tí a kọ lù ú. Kí ni ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 11,000 fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kò lè dúró, kò lè yà. Yàtọ̀ sí èyí, bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi kọ lu nǹkan a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí òfin òkun ìgbà náà fi pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ rọra nínú kùrukùru, àti pé bí ó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ mìíràn níwájú tí kò mọ ibi tí ó wà gan-an, kí ó dá ẹ́ńjìnnì dúró.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ nípa Titanic yóò rántí pé ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n bèèrè ní 1912. Titanic ń sá nǹkan bíi knot 22 nígbà tí ó kọ lu òkè yìnyín, ènìyàn tí ó tó 1,500 sì ṣòfò. Ìgbìmọ̀ Ìlú Ọba gbà pé eré náà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ náà, Edward Smith, kò jẹ̀bi àìbìkítà, nítorí ohun tí gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ ti ń ṣe tipẹ́ ni ó ṣe. Ní ti tirẹ̀, ojú sánmọ̀ mọ́, ìràwọ̀ ń tàn. Stump kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1914, ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án péré ṣáájú Mendi, Empress of Ireland ti kọ lu ọkọ̀ mìíràn nínú kùrukùru ní ilẹ̀ Kánádà, ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún sì kú. Kò sí atukọ̀ kan ní 1917 tí ó lè ní òun kò mọ ohun tí kùrukùru lè ṣe.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé eré kó ipa ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ká ní Darro sá eré ṣùgbọ́n tí ó fọn fèrè, ó ṣeé ṣe kí Mendi tètè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ká ní kò fọn fèrè ṣùgbọ́n tí ó rọra, ó ṣeé ṣe kí ihò ara Mendi má tó èyí tí ó rì í ní kíákíá. Ká sì ní ó ti ṣe méjèèjì tán, ṣùgbọ́n tí ó gbé ọkọ̀ kékeré sọ̀ kalẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn 607 yẹn ì bá padà sílé. Èyí tí mo fi kẹ́yìn yìí ni ó dùn mí jù, nítorí kò ní eré kankan nínú.

Mo ṣèlérí pé n óò sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Mo wà ní ìwé kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí mo tẹ̀lé àbúrò bàbá mi kan láti Ìgbókòdá wọ inú omi Ìlàjẹ. Púpurù ni a fẹ́ lọ tà, ẹja ni a fẹ́ rà bọ̀. Nígbà tí a ń lọ, ọyẹ́ ti mú, kùrukùru bo omi. Àbúrò bàbá mi tí ń tu ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó mú ọ̀pá, ó sì fún mi ní agolo mílíìkì kan àti irin pé kí n máa lù ú. Mo lù ú fún wákàtí kan gbáko. Ojú tì mí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ mìíràn ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a óò padà, ó ní iṣẹ́ tí ó dá a dúró, ó fi mí sínú ọkọ̀ èrò. Kùrukùru tún wà. Atukọ̀ ọkọ̀ náà fẹ́ rọra, àwa èrò ni kò gbà. A ní ọjà yóò tú. Èmi náà pariwo, mo tilẹ̀ pariwo ju àwọn àgbà lọ, bóyá nítorí agolo àná. Ó tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ ni a gorí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, a fa àwọn méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá náà dá ní ọ̀nà méjì, gbogbo ẹja tí ó kó sì ṣòfò. Nígbà tí a gúnlẹ̀, àwọn ènìyàn ń yin ìyá náà pé ó gbóyà, pé kò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. Àwọn mìíràn ní àfọwọ́fà ẹlẹ́mìí omi ni. Kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kan eré. Èmi pẹ̀lú kò mẹ́nu kàn án.

Ìgbà kan tẹ́lẹ̀, mo ti rí irú èyí rí nílé. Ní oṣù kẹrin 2015, nígbà tí mo ṣì kéré, àwọn ènìyàn ń kú lójijì ní Òde-Ìrèlè. Ojú wọn a kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Àwọn kan ní Málòkun ni ó ń bínú nítorí ohun tí wọ́n ṣe ní ojúbọ rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó fi hàn pé methanol ni, láti inú ọtí ògógóró tí wọ́n mu. N kò sọ èyí láti fi Málòkun ṣẹ̀sín, ìlú mi ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ìtàn tí ó bá dùn tàbí tí ó bani lẹ́rù máa ń tètè gba ipò ohun tí ó fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Wauchope àti ijó orí ọkọ̀. Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹnu ni ó ti jáde, láàárín àwọn Xhosa, ó sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn 1917 kí ó tó di ohun tí a kọ sínú ìwé. Nínú ẹ̀rí àwọn tí ó yè, tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìgbà náà, a rí òkùnkùn, òtútù, àwọn tí ń gbàdúrà, àwọn tí ń kọrin, àwọn tí ń pe orúkọ ara wọn nínú omi. Ijó kò sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò gbà á ní òtítọ́ pọ́ńbélé. Èmi gbà pé àlùfáà tí ó ti lo ogójì ọdún láti máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò ní dákẹ́ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sọ gan-an sì bá a lọ. S. E. K. Mqhayi, akéwì ńlá àwọn Xhosa, kọ ewì lórí rírì Mendi, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń kà á títí di òní. Kò sí àní-àní pé irú àwọn ewì àti ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ Mendi parẹ́, nítorí pé ìjọba ìgbà náà kò fẹ́ rántí. Botha kéde rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kẹta 1917, àwọn aṣòfin dìde dúró láti bu ọlá fún òkú. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ogun parí tí wọ́n ń pín àmì ẹ̀yẹ, wọ́n fún àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ lébìrà náà, wọn kò fún ènìyàn dúdú kankan.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1974 ni òmùwẹ̀ kan mọ̀ dájú pé Mendi ni ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Láti 2003 ni Gúúsù Áfíríkà ti ń fi Mendi sọ orúkọ oyè ìgboyà tí ó ga. Ní 2009, ìjọba Ìlú Ọba ṣòfin dáàbò bo ibi tí ó rì sí. Aago ọkọ̀ náà, tí ó ti sọnù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ni ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ dá padà ní 2017, wọ́n sì fà á lé Ààrẹ Ramaphosa lọ́wọ́ ní 2018.

Orúkọ Isaac Wauchope wà lára òkúta ìrántí ní Hollybrook, ní Southampton, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí òkun kò dá òkú wọn padà. Mo rí àwòrán rẹ̀. Wọ́n to orúkọ náà lọ bẹẹrẹ. Ní ọdún tí ó kọjá, mo wá ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lọ sí etí omi níbi tí ó ń gbé. Ó ń tiro. Mo sọ fún un pé mo wà nínú ọkọ̀ náà, mo sì sọ ohun tí mo pariwo. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì bu ẹja fún mi.